Ohùn Màámi Nínú Ààrò

Ohun tí wọ́n ń sọ kiri àdúgbò wa báyìí ni pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ òkè òkun ti gba ohùn ìyá mi lọ. Wọ́n ní wọ́n fi ẹ̀rọ ká ohùn náà sílẹ̀, wọ́n gbé e ti ẹ̀gbẹ́ ààrò ńlá kan, àti pé láràárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó wọ ẹ̀wù funfun á tẹ bọ́tìnnì, ohùn ìyá mi á bú jáde, ààrò á gbọ̀n rìrì, iyanrìn tó wà nínú rẹ̀ á sì di òkúta olówó iyebíye. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wa ló kọ́kọ́ gbé e jáde. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà máa fi dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta ìkòkò ní ìkángun òpópónà, wọ́n ti fi ọlọ́pàá yí ẹ̀gbọ́n mi ká, èmi náà sì ti ń kọ́ èdè wọn kí n lè lọ máa tọ́jú ohùn náà lọ́hùn-ún kó má baà há.

Mi ò kọ́kọ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Irọ́ náà dùn, ó sì bá mi lára mu: àwọn tó máa ń pè mí ní "ìwọ ọmọ oníkọ́tìnnì" ti ń pè mí ní "àǹtí". Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n jọ̀ọ́, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, torí kò lè gba ojú pópó kọjá mọ́ kí ọkùnrin kan má dá a dúró, kó bi í bóyá wọ́n ṣì ń gba ohùn lọ́hùn-ún, pé ìyàwó tòun náà mọ ariwo í pa.

Ẹ jẹ́ n júwe ẹ̀gbọ́n mi fún yín. Àwọn òbí wa sọ ọ́ lórúkọ tó dáa, ṣùgbọ́n orúkọ tí mo fún un ló mọ́ ọn lára: Ókùdíẹ̀. Látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè dókítà nínú kẹ́mísírì ni àwọn èèyàn ti ń bi í pé ìgbà wo ló máa parí, èsì kan ṣoṣo ló sì ní: "Ó kù díẹ̀." Ó sọ ọ́ fún onígbàjámọ̀. Ó sọ ọ́ fún àwọn àǹtí wa. Ó sọ ọ́ fún ọmọbìnrin kan tó fẹ́ kó wá mọ àwọn òbí òun nílé. Ọmọbìnrin náà ti ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé báyìí, díẹ̀ yẹn ò sì tíì tán.

Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Òwú ló fi di awò ojú rẹ̀ ní apá òsì níbi tó ti kán, ìka rẹ̀ sì máa ń ní àwọ̀ búlúù títí dé ìdí èékánná. Mi ò tíì rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó o. Bó bá fọ abọ́ nílé, á ṣàn án, á tún ṣàn án, á gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, á máa wò ó bíi pé abọ́ náà ń parọ́ fún un. Màámi á ní, "Gbé abọ́ yẹn sílẹ̀, kò jí nǹkan."

Ohun tó ń ṣe ní láàbù ni ìyẹ̀fun kan tí orúkọ rẹ̀ gùn ju ìlà ìwé kan lọ. Èmi ń pè é ní Òùngbẹ. Inú ìyẹ̀fun náà kún fún yàrá tín-ín-tín tí ojú lásán ò lè rí, omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ á sì máa wọ ibẹ̀ bí ayálégbé. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, búlúù ni. Bó bá ti mu yó, á di pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Bí èèyàn bá wá fi ooru díẹ̀ kàn án, gbogbo ayálégbé á kó jáde, omi mímu gidi á máa kán tó, tó, tó sínú ife, ìyẹ̀fun á tún padà di búlúù. Àlá ẹ̀gbọ́n mi ni pé kí ilé tí kò ní kànga, tí kò ní ẹ̀rọ omi, máa pọn omi látinú afẹ́fẹ́. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún Màámi, wọ́n gbọ́ ọ dópin, wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣé ó lè fọ aṣọ?"

Láàbù náà wà ní òkè pátápátá, ní ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí gílóòbù rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Fèrèsé kan wà níbẹ̀ tí kò ṣe é tì, ẹ̀rọ kan tó ń fa èéfín jáde wà níbẹ̀ tó ń hanrun bí àgbàlagbà, ààrò iná mànàmáná kan sì wà tí wọ́n fi wáyà so ilẹ̀kùn rẹ̀. Lára ilẹ̀kùn yẹn ni ọ̀gá wọn lẹ òfin mọ́. Bàbá Òfin ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè wọ́n lẹ́yìn. Òfin wà fún bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn, òfin wà fún ibi tí èèyàn lè kọjú sí tó bá fẹ́ sín. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lára ààrò ni wọ́n fi yíǹkì pupa fàlà sí nídìí: ẹni tó bá tan ààrò, kó dúró tì í, kó yọ ìgò rẹ̀ ní gbígbóná, kó tì í bọ omi tútù lójú ẹsẹ̀, kó nu ààrò, kó tó lọ sílé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti tan ààrò sílẹ̀ lọ sílé rí, èéfín sì gba gbogbo òkè. Láti ọjọ́ náà, lójú Bàbá Òfin, ẹni tó bá fi ìgò sínú ààrò tó sì lọ sílé kì í ṣe onímọ̀ kẹ́mísírì. Ọ̀daràn ni.

Ìyá wa ń rán kọ́tìnnì ní yàrá iwájú ilé. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú tí wọn ò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́, wọ́n á pa ẹ̀rọ, wọ́n á bu oúnjẹ, wọ́n á wá pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Màámi kì í kí èèyàn lórí fóònù. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ wí ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì wí i bíi pé fóònù ò sí, bíi pé ẹnu wọn ló máa gbé e dé ọ̀hún. Ìgbà kan, mo fi fóònù ká ohùn wọn sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ké láti ìdí iná, mo sì fi í sínú fóònù Ókùdíẹ̀, pé nígbàkígbà tí Màámi bá ti pè é, kó má dún bíi tàwọn ọmọlúàbí mọ́, kó máa ké pé: "Ìwọ ọmọ yìí! Oúnjẹ ń tutù o!"

Ó bẹ̀ mí títí kí n yọ ọ́. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ yọ ọ́ fúnra yín, ṣebí ẹ̀yin lẹ fẹ́ di dókítà." Ọkùnrin tó ń ka iye yàrá inú ìyẹ̀fun, kò mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ohùn fóònù. Bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn, ó sì sọ ẹ̀gbọ́n mi di ẹ̀rọ. Ohùn yẹn á ké, á fò dìde, á pa ohunkóhun tó bá wà níwájú rẹ̀, á gbé báàgì kọ́ èjìká. A ti jọ jókòó nílé rí, tá à ń wo bọ́ọ̀lù, tí mo ní kí Màámi pè é láti yàrá kejì. Ó pa tẹlifíṣàn, ó gbé báàgì, ó dé ẹnu géètì kó tó rántí pé ilé lòun wà.

Nígbà tó yá, wọ́n tẹ iṣẹ́ tó ṣe lórí Òùngbẹ jáde nínú ìwé ìwádìí kan tó lórúkọ, gbogbo wa yọ̀. Kò pẹ́ tí wàhálà fi dé. Obìnrin onímọ̀ kan wà ní orílẹ̀-èdè tó jìnnà, tí gbogbo wọn mọ̀ nídìí irú ìyẹ̀fun báyìí. Ó tẹ̀lé ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ lẹ́sẹẹsẹ, eérú ló rí. Ó tún un ṣe, eérú. Ó pààrọ̀ ìgò, ó pààrọ̀ omi, ó pààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, eérú. Ó wá kọ̀wé sí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ pé ìyẹ̀fun búlúù kankan ò sí níbì kankan, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti sọ ọ́ ní Ìyá Eérú.

Bàbá Òfin ní kí ẹ̀gbọ́n mi ṣe Òùngbẹ níṣojú àwọn. Wọ́n gbé àga, wọ́n jókòó ti ààrò láti àárọ̀ dópin, iṣẹ́ sì parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Eérú ló jáde. Lọ́jọ́ kejì tí ẹ̀gbọ́n mi dá nìkan ṣe é, búlúù. Bàbá Òfin tún gbé àga wá, eérú. Ókùdíẹ̀ wálé, ó ní ó jọ pé ìyẹ̀fun náà ń tijú ọ̀gá òun.

Mo ní, "Bọ̀dá, ta ni ò ní tijú wọn?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó yẹ omi wò, ó yẹ afẹ́fẹ́ wò, ó tilẹ̀ yí ẹ̀wù funfun rẹ̀ padà sódì láti mọ̀ bóyá òógùn ara òun ni.

Níkẹyìn, Bàbá Òfin gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún un. "Obìnrin yẹn ń bọ̀ ní àpérò àgbáyé tọdún yìí. Wàá dúró níwájú gbogbo wọn, wàá dá a lóhùn. Bó o bá rí i dá lóhùn, bẹ̀rẹ̀ ìwé àṣekágbá rẹ. Bó ò bá rí i, má wulẹ̀ padà sí láàbù mi. Wá iṣẹ́ mìíràn ṣe."

Gbogbo díẹ̀ tó ti ń kù látọjọ́ yìí wá di ìbéèrè ẹyọ kan, ìdáhùn rẹ̀ ò sì sí lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ bi.

Ó di ìgò Òùngbẹ kékeré kan sínú ìbọ̀sẹ̀, ó wọkọ̀ òfuurufú. Nígbà tó dé ọ̀hún, òṣìṣẹ́ ibodè kan bi í pé kí ló wà nínú ìgò. Ẹlòmíì á ní nǹkan ilé ìwé ni, á máa lọ. Tiwa bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn yàrá. Nígbà tó máa fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ayálégbé, òṣìṣẹ́ náà ti pe ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá náà sì máa fi gbọ́ ọ tán, òun gan-an ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó máa lọ.

Gíláàsì ni wọ́n fi kọ́ ilé àpérò náà láti ilẹ̀ dókè. Wọ́n fún un ní báàgì aláṣọ kan, wọ́n so káàdì orúkọ mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì rìn wọ àárín èrò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló pè mí. "Àbúrò, àyà èèyàn ni wọ́n ń kí níbí o, wọn kì í kí ojú." Ó ní wọ́n á kọ́kọ́ wo káàdì. Bí wọ́n bá rí orúkọ ilé ìwé ńlá níbẹ̀, ẹ̀rín á gòkè wá sójú. Bí wọ́n bá rí tòun, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí ẹni tó wà lẹ́yìn òun. Ìdúró ni wọ́n fi ń mu tíì, ìdúró ni wọ́n fi ń jẹ búrẹ́dì kékeré tí ẹnu kan lè gbé mì, torí ẹni tó bá jókòó ò ní ríbi sá sí tí aláròyé bá dé. Èyí tó pa á lẹ́rìn-ín jù ni Bàbá Òfin. Bàbá tí gbogbo láàbù ń sá fún yìí tò sórí ìlà tíì, wọ́n di àwo pẹlẹbẹ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, wọ́n sì ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín sí ẹ̀fẹ̀ tí wọn ò gbọ́.

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún Ìyá Eérú?"

"Ó kù díẹ̀," ó ní.

Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní kí n fún Màámi.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí lọ́la tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ọ̀sán ló máa jẹ́ níbí, orí pèpéle ni màá wà."

"Ọ̀sán báwo? Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ó ṣú náà nìyẹn."

"Níbí, kò ní tíì ṣú, mà."

"Kí ló ṣe wọ́n?" ni Màámi bi í, àánú àwọn ará ọ̀hún sì ṣe wọ́n lóòótọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Ókùdíẹ̀ gun pèpéle. Gílóòbù kékeré kan wà níwájú olùsọ̀rọ̀, tó ń tan àwọ̀ ewé tí àyè bá ṣì wà, tó ń di pupa tí ó bá tó kó sọ̀kalẹ̀. Kò fọkàn tán gílóòbù. Ó gbé fóònù rẹ̀ lé orí tábìlì, ó fi ń wo aago. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ohùn rẹ̀, ẹ sì ti mọ ẹni tó lẹ̀bi ìyẹn. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa, àwòrán ń lọ lára ògiri, Bàbá Òfin jókòó síwájú pátápátá, wọ́n ká ọwọ́ lẹ́rán. Bó ṣe sọ̀rọ̀ tán, obìnrin gíga kan dìde lápá ọ̀tún. Ó gé irun funfun rẹ̀ mọ́lẹ̀, súwẹ́tà rẹ̀ sì já bọ́tìnnì kan. Ó mú ìgò kan jáde nínú báàgì, ó rìn lọ síwájú, ó gbé e lé tábìlì, ó dún gbì.

"Búlúù yín nìyí," ni obìnrin náà wí.

Eérú ni. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ìyá Eérú ò rẹ́rìn-ín. "Ohun tẹ́ ẹ kọ la ṣe," ó ní. "Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ ń ṣe tẹ́ ẹ ò kọ?"

Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ò mọ ohun tí òun fẹ́ sọ. Èmi mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́ sọ pé ó kù díẹ̀ ni.

Lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀ ń ṣú. Mo ń fi ọwọ́ ṣẹ́ etí kọ́tìnnì olódòdó kan, ilẹ̀kùn yàrá iwájú ṣí sílẹ̀ nítorí ooru, mo sì ń gbọ́ bí ẹ̀rọ onígbàjámọ̀ ṣe ń kùn ní òdìkejì. Màámi pa ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n fa fóònù yọ.

"Màámi, ó ní kẹ́ ẹ má pe òun o."

"Mo gbọ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti jẹun ni."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Nínú gbọ̀ngàn gíláàsì, níwájú gbogbo onímọ̀ kẹ́mísírì àgbáyé, ohùn ìyá mi bú jáde: "Ìwọ ọmọ yìí! Oúnjẹ ń tutù o!"

Ókùdíẹ̀ fò sókè. Ó fa wáyà ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán yọ, ògiri ṣókùnkùn. Ó pa kọ̀ǹpútà dé. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó sọ̀kalẹ̀ lórí pèpéle, ó gbé ìgbésẹ̀ díẹ̀ sápá ẹnu ọ̀nà kó tó rántí ibi tó wà. Fóònù náà ṣì ń ké lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń tẹ ibí tó ń tẹ ọ̀hún kó lè dákẹ́, ó gbé ìpè náà, ó tan ohùn rẹ̀ sí gbangba, ohùn gbọ̀ngàn sì ya wọ yàrá kọ́tìnnì wa. Ẹ̀rín bí òjò.

"Kí ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí?" ni Màámi bi mí.

Èmi gbọ́ èdè náà, mo gba fóònù lọ́wọ́ wọn, mo sì di ògbifọ̀ lójijì. "Ẹ rọra, Màámi. Obìnrin kan ń bi í pé ibo ló ń lọ."

"Ilé," a gbọ́ ọ tí ẹ̀gbọ́n mi ń wí. "Ẹ má bínú, mà. Mo rò pé mò ń lọ sílé ni."

"Ta ló pariwo yẹn?" Ohùn Ìyá Eérú nìyẹn.

"Ìyá mi ni."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní oúnjẹ ń tutù."

Ẹ̀rín tún sọ. Obìnrin náà dúró kí wọ́n rín in tán. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi pa ẹ̀rọ?"

"Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn, mà. Bí wọ́n bá ti pè, mo máa ń pa ohun tó bá wà níwájú mi, màá lọ."

"Ní láàbù náà?"

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti dáwọ́ dúró. Màámi gbá mi lápá. "Wọ́n ti dákẹ́. Kí ni wọ́n bi í?"

"Wọ́n ní ṣé ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní láàbù tẹ́ ẹ bá pè é."

"Ta lobìnrin yẹn? Ṣé ó ti lọ́kọ?"

Lọ́hùn-ún, ẹ̀gbọ́n mi wo Bàbá Òfin. Bàbá Òfin wò ó. Ó ní ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé òun. Kò tíì rò ó rí, torí lọ́kàn rẹ̀, ó ń pa òfin ààrò mọ́. Ọjọ́ tó bá fi ìgò sínú ààrò lọ sílé, ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé lónìí nìkan ni. Bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ni lónìí nìkan. Tó bá wá di òwúrọ̀, á sáré débẹ̀ ṣáájú gbogbo èèyàn, á yọ ìgò, á nu ààrò, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun tì í bọ omi tútù, torí bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bó bá sọ ọ́, ọ̀daràn ni, níwájú ẹni tó ṣòfin. Bí kò bá sọ ọ́, òpùrọ́ ni, níwájú gbogbo ayé, Òùngbẹ á sì di ìtàn.

Kò fọhùn. Ara Màámi ò gbà á mọ́. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ẹnu sún mọ́ ọn: "Dá wọn lóhùn, ìwọ ọmọ yìí! Ṣé wọ́n gé ọ láhọ́n ni?"

Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ.

"Ààrò ni, mà," ni Ókùdíẹ̀ wí. "Ààrò ló máa ń wà níwájú mi."

"Ìgò ńkọ́?"

"Inú rẹ̀ ló máa ń wà."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí di òwúrọ̀."

"Ìwé yín sọ pé omi tútù."

"Bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí, mà. Ṣùgbọ́n mo ti lọ jẹun."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Eérú gbé ìgò eérú rẹ̀ lórí tábìlì, ó yí i wò. "Ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ tán, tí ara rẹ̀ ṣì gbóná, la ń jù sínú omi tútù," ó ní. "Báwo ni yàrá rẹ̀ ò ṣe ní wó?" Ó gbé ìgò náà sínú báàgì. "Màá padà sílé. Màá pa ààrò, èmi náà á lọ jẹun. Lẹ́yìn náà la máa mọ̀ bóyá òótọ́ lẹ sọ."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Màámi ní, "Kí ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò ní í retí kí n jẹ́ kí irú àyè yẹn kọjá lọ. "Ẹ̀yin ni, Màámi," mo ní. "Wọ́n ní ohùn yín ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun náà dì dáadáa. Wọ́n fẹ́ gbà á."

Nígbà tí mo gbójú sókè, onígbàjámọ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ẹ̀rọ ìgẹrun ń kùn lọ́wọ́ rẹ̀, oníbàárà rẹ̀ dúró tì í pẹ̀lú ààbọ̀ irun lórí.

Lọ́hùn-ún, Bàbá Òfin ti dìde. Ókùdíẹ̀ di ara rẹ̀ mú. Bàbá Òfin kọjú sí èrò, wọ́n tún kọ́là ẹ̀wù wọn ṣe. "Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe gbọ́," wọ́n ní, "ó ti pẹ́ tí láàbù wa ti ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀nà ìtutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yìí." Ẹ̀gbọ́n mi ní ó kù bíńtín kóun pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Bàbá Òfin ti wá di Bàbá Òfin padà.

"Ààrò mi? Ìwọ? Lójoojúmọ́?"

"Lónìí nìkan ni, sà." Ó ti awò ojú rẹ̀ sókè. "Lójoojúmọ́, sà."

"Bí ti obìnrin yẹn bá di búlúù, bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ. Bó bá di eérú, mi ò mọ̀ ọ́ rí."

Ó padà wálé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de lẹ́tà. Mi ò tíì rí ilé tí abọ́ rẹ̀ mọ́ tó tiwa lásìkò yẹn. Ó fọ èyí tá a jẹ, ó fọ èyí tá ò jẹ. Màámi yí i ká, wọ́n wò ó tẹ̀yìn tiwájú, wọ́n ní ó dájú pé wọn ò fún un lóúnjẹ kankan lọ́hùn-ún, kí wọ́n tó wá máa dájọ́ ìyẹ̀fun. Mo gbìyànjú láti sọ fún wọn pé àwàdà ni mo ṣe nípa ohùn wọn. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé wọ́n ti ń fọ ọ̀fun kí wọ́n tó pe èèyàn lórí fóònù.

Lẹ́tà náà dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí Ókùdíẹ̀ ń fọ ìkòkò. Ó kà á pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ìkòkò sórí ẹsẹ̀. Mo gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀, mo kà á, mo jókòó tì í. Àwọn tó tẹ iṣẹ́ náà ti tún ibi omi tútù yẹn kọ. Bàbá Òfin ti ya òfin ara ààrò kúrò, wọ́n sì lẹ òmíràn mọ́ ọn, pẹ̀lú yíǹkì pupa kan náà: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọ ìgò kankan nínú ààrò kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n tilẹ̀ ń dúró sẹ́nu ọ̀nà láàbù nírọ̀lẹ́, wọ́n ń lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé, wọ́n ní onímọ̀ kẹ́mísírì gidi kì í jókòó ti ààrò. Ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ ìwé àṣekágbá rẹ̀. Mo bi í lánàá bó ṣe kù sí. Ẹ ti mọ èsì tó fún mi.

Onígbàjámọ̀ ò gbà. Ó ṣì ń bẹ Màámi pé kí wọ́n bá òun ké sí ẹ̀rọ ìgẹrun òun tí kò mú mọ́, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń yọjú wo yàrá iwájú wa bíi pé ìràwọ̀ ló wà níbẹ̀. Nítorí náà, èyí ni ohun tó wà nínú lẹ́tà Ìyá Eérú: ní láàbù rẹ̀, wọ́n pa ààrò, wọ́n tilẹ̀kùn, gbogbo wọn lọ sílé, fóònù kankan ò dún, ẹnikẹ́ni ò pariwo, nígbà tí wọ́n sì ṣí ààrò ní òwúrọ̀, búlúù ni ìyẹ̀fun náà.